Ọ̀dẹ̀dẹ̀ Kì í Ṣe Àfikún fún Ilé Ẹ̀kọ́

Ẹni tí ó bá wọ Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ yóò rí àwọn ilé Ẹ̀ka Ẹ̀kọ́ Iṣẹ́-Ọnà tí ìsàlẹ̀ wọn ṣe tẹ́ẹ́rẹ́, tí òkè wọn sì gbòòrò. Arieh Sharon, ayàwòrán-ilé ará Ísírẹ́lì tí ó ṣètò ọgbà náà ní àwọn ọdún 1960, mọ ohun tí ó ń ṣe: àjà kọ̀ọ̀kan yọ síta ju èyí tí ó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ lọ, ó sì ṣíji bò ó bí agboòrùn, tó bẹ́ẹ̀ tí oòrùn ọ̀sán kì í fi í ráyè jó ògiri, tí wọ́n sì lè ṣí fèrèsé sílẹ̀ nígbà tí òjò bá ń rọ̀.

Ooru tiwa yàtọ̀ sí ti aginjù. Níbi tí ilẹ̀ ti gbẹ, ògiri amọ̀ tó nípọn a máa tọ́jú òtútù òru di ọ̀sán. Ṣùgbọ́n ní Ifẹ̀, Ìbàdàn àti Èkó, òru pàápàá kì í tutù púpọ̀, ọ̀rinrin sì pọ̀ nínú afẹ́fẹ́ débi pé òógùn kì í tètè gbẹ lára. Atẹ́gùn tó bá fẹ́ kọjá lára ọmọ ni yóò tù ú lára. Ìdí nìyí tí kíláàsì fi gbọ́dọ̀ ní fèrèsé ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kí ó sì kọjú sí àríwá àti gúúsù, nítorí pé oòrùn òwúrọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́ máa ń rẹlẹ̀, ó sì ń gba abẹ́ òrùlé wọlé. Maxwell Fry àti Jane Drew, àwọn ayàwòrán-ilé ará Gẹ̀ẹ́sì, lo ògiri oníhò àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn ní Yunifásítì Ìbàdàn. Àwọn baba wa náà kò ṣàìmọ̀ ọ́n: ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni ó yí àgbàlá agbo-ilé ká.

Ó dùn mí pé a ń pa ìmọ̀ yìí tì. Ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan tí mo mọ̀, wọ́n mọ ògiri dí ọ̀dẹ̀dẹ̀ láti fi ṣe ọ́fíìsì, wọ́n sì fi fèrèsé onígíláàsì tí kì í ṣí kọjá ìdajì rọ́pò ti àtijọ́. Bí ọ̀sán bá ti pọ́n, ìwé nòtì ni àwọn ọmọ fi ń fẹ́ra, olùkọ́ yóò sì kó wọn lọ sábẹ́ igi máńgòrò tí wọ́n bá fẹ́ ka ìwé. Àwọn òbí ti ń dáwó ẹ̀rọ amúlétutù báyìí. Kí wọ́n tó ra ohunkóhun, ẹ jẹ́ kí wọ́n wó ògiri yẹn dé ìbàdí ọmọdé, kí wọ́n to bulọ́ọ̀kù oníhò lé e lórí, kí wọ́n sì fa páànù síta dáadáa kí òjò má baà fẹ́ wọlé.