Àpàlà nínú ohùn márùn-ún: bí mo ṣe ń ṣe orin géèmù Eredo wa

Gbogbo ẹni tó bá ti gbọ́ orin inú géèmù wa, ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń bi mí, pé ibo la ti rí i, ṣé a dáńlóòdù ẹ̀ ni àbí a sanwó fún ẹnì kan. Owó kọ́, a ò ní in. Díẹ̀ nínú ẹ̀ la wá lórí íntánẹ́ẹ̀tì, èmi ni mo jókòó ṣe èyí tó pọ̀ jù, ẹ jẹ́ n kúkú kọ gbogbo ẹ̀ síbí lẹ́ẹ̀kan torí ó ti sú mi láti máa fi voice note ṣàlàyé ẹ̀ fún ẹnìkọ̀ọ̀kan.

Fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ ò tíì mọ géèmù ọ̀hún, RPG bíi tayé àtijọ́ ni, èyí téèyàn ń rìn láti ìlú dé ìlú, á bá ará ìlú sọ̀rọ̀, á jà, agbára ẹ̀ á máa pọ̀ sí i. Inú Eredo Sùngbọ́, odi àti yàrà àtijọ́ ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, ni ìtàn ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi tó wà ní Ìjẹ̀bú-Igbó ló ń ya àwòrán, èmi tí mo wà ní Ṣágámù ni mò ń kọ kóòdù, tó bá di alẹ́ tí iná bá wà màá ṣe orin. Ẹni tó bá ti dé Òkè-Ẹ̀rí níbi táwọn èèyàn ti ń lọ sí sàréè Bilikísù Sùngbọ́, obìnrin tí wọ́n ní òun ló ní kí wọ́n gbẹ́ ẹ, á mọ ìdí tá a fi mú ibẹ̀. Yàrà àti odi táwọn èèyàn fọwọ́ gbẹ́, ó gùn tó bíi kìlómítà 160, ibòmíì wà tó tó mítà 20 láti orí odi dé ìsàlẹ̀ yàrà, igbó ti bò ó, òtútù á máa mú yín nísàlẹ̀ nígbà tí oòrùn ń ràn lókè. Kí lèèyàn tún ń wá lẹ́yìn ìyẹn?

Ó dáa, chiptune. Orin tí chip inú ẹ̀rọ géèmù àtijọ́ ń ṣe fúnra ẹ̀ ni. Wọn ò gba ohùn sílẹ̀ bíi ti MP3, kóòdù ló ń sọ fún chip pé ju ohùn báyìí, gbé e sókè, ó tó, dákẹ́, chip á sì máa ṣe é lójú ẹsẹ̀. Ààyè tí ò sí ló fà á. Super Mario Bros. tó jáde ní 1985, àwòrán, orin, kóòdù, gbogbo ẹ̀ pátá kìlóbáìtì 40 ni, fọ́tò kan ṣoṣo tẹ́ ẹ bá fi fóònù yà lónìí jù ú lọ fíìfíì. Famicom, ẹ̀rọ géèmù tí Nintendo gbé jáde ní Japan ní 1983, chip 2A03 ló wà nínú ẹ̀, ohùn márùn-ún péré ló sì ní: pulse méjì, triangle kan tó ń dún rọ̀, noise kan tó ń dún ṣàà, àti DPCM tó lè ju ohùn kúkúrú tí wọ́n ti gbà sílẹ̀. Pulse yẹn lè dún tínrín bí ẹni ń fi imú sọ̀rọ̀, ó sì lè dún kún, ìwọ̀n mẹ́rin ló wà fún bí ìgbì ohùn ẹ̀ ṣe ń pẹ́ lókè tó, 12.5%, 25%, 50% àti 75% (25 àti 75 ò yàtọ̀ létí o, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni tàn yín).

Tẹ́ ẹ bá dàgbà sí Nàìjíríà yìí, Famicom gan-an lè má dé ọ̀dọ̀ yín, Terminator lẹ máa mọ̀, èyí tí wọ́n á kọ ọ́ sára kásẹ́ẹ̀tì ẹ̀ pé géèmù 9999 ló wà nínú ẹ̀, tó wá jẹ́ pé Mario àti Contra náà lẹ máa bá pàdé títí ilẹ̀ á fi mọ́. Àdàkọ Famicom ni wọ́n. Nínú chip àwọn kan lára àwọn àdàkọ yẹn, 25% àti 50% gba ipò ara wọn, ibi tó yẹ kó dún tínrín á dún kún, ibi tó yẹ kó kún á tínrín. Ìyẹn ni pé orin tí púpọ̀ nínú wa gbọ́ lọ́mọdé, kì í ṣe bí ẹni tó kọ ọ́ ṣe fẹ́ kó dún nìyẹn rárá! Ọjọ́ tí mo kà á, ọkàn mi balẹ̀. Kò sẹ́ni tó tún máa wá sọ fún mi pé orin mi ò dún bíi ti ojúlówó.

Ní ti wíwá, OpenGameArt, ìkànnì tí wọ́n ń kó orin àti àwòrán géèmù ọ̀fẹ́ sí, ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yà sí, látọdún 2009 ló ti wà, lẹ́yìn náà itch.io. Nǹkan tó wà níbẹ̀ pọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ka láíńsì, ìyẹn àṣẹ tí oní-nǹkan fi lélẹ̀ lórí bẹ́ ẹ ṣe lè lò ó, kẹ́ ẹ tó gbé nǹkan. CC0, ẹ lò ó bẹ́ ẹ ṣe fẹ́. CC-BY, ẹ lò ó, ẹ dárúkọ ẹni tó ṣe é. Tẹ́ ẹ bá rí NC lára ẹ̀, ẹ ò lè fi tajà, ká tiẹ̀ ní ẹ ò fẹ́ tà á lónìí, ẹ ò mọ̀la. ND, ẹ ò gbọdọ̀ tún un ṣe. Ohun tí èmi ń ṣe ni pé ọjọ́ tí mo bá gbé orin náà ni mò ń ṣí fáìlì kékeré kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, màá kọ orúkọ ẹni tó ni ín, líǹkì, àti láíńsì, torí tó bá dọdún tó ń bọ̀ ẹ ò ní rántí, wọ́n sì lè ti yọ ojú ìwé yẹn kúrò. Orin tẹ́ ẹ bá yọ látinú géèmù iléeṣẹ́ ńlá, kì í ṣe ọ̀fẹ́ o, kódà kó ti pé ogójì ọdún, oní-nǹkan wà láyé.

Àwọn ohun tó kéré la mú nínú ọ̀fẹ́ yìí: orin ìṣẹ́gun tí ò ju ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan lọ, orin ibi téèyàn ti ń sùn, àti orin ìgbà téèyàn bá kú. Ohùn idà, ìlẹ̀kùn, owó tó ń wọlé, jsfxr, irinṣẹ́ kékeré kan tó ń ṣe ohùn géèmù, la fi ṣe gbogbo ìyẹn, bọ́tìnnì lẹ máa kàn máa tẹ̀ títí tó fi máa dún bẹ́ ẹ ṣe fẹ́, kò gba ọgbọ́n kankan. Orin ìlú, orin yàrà àti orin ìjà ni mi ò lè gbà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ìdí ẹ̀ ni pé èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó wà níta, ó dáa gan-an, ṣùgbọ́n ààfin òyìnbó ló ń rántí, ọba tó wọ ìhámọ́ra onírin, òjò yìnyín. Ẹni tó ń rìn nínú yàrà Sùngbọ́ tó wá ń gbọ́ irú ẹ̀, ó ti di àlejò nílé bàbá ẹ̀ nìyẹn. Orin ìjà sì rèé, òun lẹni tó ń gbá géèmù yìí máa gbọ́ jù, ẹ ò lè fi ohun tẹ́ ẹ kàn rí bọ̀ ọ́ níbẹ̀.

BeepBox ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀. Orí bùráúsà ló wà, fóònù lè gbé e, ọ̀fẹ́ ni, èyí tí mo sì fẹ́ràn jù nípa ẹ̀ ni pé inú líǹkì fúnra ẹ̀ ni orin náà ń gbé. Mo bá ti ṣe é tán, màá da líǹkì kọ, màá jù ú sí ọ̀rẹ́ mi lórí WhatsApp, ó tẹ̀ ẹ́ báyìí orin ti ń dún, kò dáńlóòdù fáìlì kankan. Tó bá ti dúró dáadáa, màá wá tún un kọ nínú FamiTracker lórí laptop, torí òun ló mọ 2A03 tinú tẹ̀yìn. FamiStudio náà dáa, ó wà fún Android, tẹ́ ẹ bá sì ti mọ píánò díẹ̀ òun ló máa rọ̀ yín lọ́rùn ju FamiTracker tó jẹ́ pé nọ́ńbà àti lẹ́tà ló ń ṣàn wálẹ̀.

Ibi tí mo ń bọ̀ gan-an wá nìyí. Ohùn márùn-ún, gbogbo èèyàn ló ń sọ pé ó kéré. Kéré báwo? Ìjẹ̀bú-Igbó ni Haruna Ishola ti wá, ẹ jókòó kẹ́ ẹ gbọ́ bí àwọn onápàlà ṣe ń to nǹkan: agídìgbo nísàlẹ̀ tó ń sọ ohun kan náà ní àsọtúnsọ, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, agogo, ìlù tó ń fọhùn, ẹni tó ń lé àti àwọn tó ń gbè é. Kò sẹ́ni tó ń gba iwájú ẹnì kejì. Tẹ́ ẹ bá kó o wá sínú 2A03 ó wọ̀ ọ́ rẹ́gí. Triangle ni mo fún agídìgbo, torí triangle ò mọ ohùn kékeré yàtọ̀ sí ohùn ńlá, bóyá ó ń dún ni tàbí ó dákẹ́, agídìgbo náà ò sì nílò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Noise di ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Noise yẹn tún ní irú kejì tó máa ń dún bí irin, òun ni agogo, mò ń pààrọ̀ wọn nínú ohùn kan náà torí wọn kì í bọ́ sórí ara wọn. Pulse kan fún ìlù. Pulse kejì fún orin, lílé àti ègbè pa pọ̀! Ẹni tó ń lé bá ti dákẹ́ ni àwọn elégbè ń wọlé, ohùn kan á gbé àwọn méjèèjì, mo kàn fi lílé sí 25%, mo fi ègbè sí 50% kó lè dún bí èrò. Mi ò mú orin ẹnikẹ́ni o, àtò wọn ni mo mú.

Ìlù ló gba àkókò. Ìlù ilẹ̀ wa kì í kàn dún, ó ń sọ̀rọ̀, mo sì fẹ́ kó sọ "Ìjẹ̀bú ọmọ alárè" nígbà tí èèyàn bá kọ́kọ́ wọ ìlú. Ṣebí dò re mí tí wọ́n kọ́ wa níléèwé náà ni: dò dò mí, re re, re mí dò. Mo fi dò sí G, re sí C, mí sí E, ó sì dún bí ọmọ iléèwé tó ń ka ìwé. Ohun tó sọ ọ́ di ìlù ni yíyọ̀. Dò tó bá tẹ̀ lé mí kì í já lulẹ̀ gbì, ó máa ń yọ́ sọ̀kalẹ̀ ni, bí awọ ìlù ṣe ń dẹ̀ tí onílù bá tú ọwọ́ lára ọṣán. FamiTracker ní effect 3xx tó ń gbé ohùn kan yọ̀ dé òmíì, mo fi sórí "rè" tó gbẹ̀yìn "alárè" nìkan, ó tán. Ọ̀rẹ́ mi gbọ́ ọ, ó pè mí lórí fóònù, "Brọ̀dá, ìlù yẹn ń ki mí o!" Mi ò tíì sọ fún un pé kí ló ń sọ nígbà yẹn.

Bàbá mi ò kí mi ní tiwọn. Wọ́n gbọ́ orin yàrà látinú pálọ̀, wọ́n ní, "Ta ló ń lé agídìgbo yìí? Ìjókòó la fi ń gbọ́ àpàlà, ẹ̀yin ń sáré." Mo ní, "Bàbá, kọ̀ǹpútà ni." Wọ́n ní kí n sọ fún kọ̀ǹpútà kó jókòó. Òótọ́ wà níbẹ̀ sá. Bí FamiTracker ṣe máa ń wà tẹ́ ẹ bá ṣí i, tempo 150, speed 6, ìlà mẹ́wàá ló ń kọjá ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ojú ìwé kan sì jẹ́ ìlà 64, wọ́n ti pín in sí mẹ́rin mẹ́rin. Kọ́nkóló tiwa, bí agogo ṣe ń lọ, méjìlá ni. Ẹ sọ ojú ìwé di ìlà 48, ẹ jẹ́ kó máa sàmì sí ìlà mẹ́ta mẹ́ta àti méjìlá méjìlá, kẹ́ ẹ wá gbé speed lọ sí 10 (bí nọ́ńbà speed bá ṣe ń pọ̀ sí i ni orin ń falẹ̀). Ìlà méjìlá á wá gba ìṣẹ́jú-àáyá méjì gééré. Ó jókòó.

Orin ìjà nìkan ni mo jẹ́ kó sáré, àwọn ẹlẹ́ṣin Ojúde Ọba ló wà lọ́kàn mi, bí àwọn ìdílé Balógun ṣe máa ń gun ẹṣin wọlé ní ọjọ́ kẹta Iléyá, pátákò ẹṣin nínú noise, ìbọn nínú DPCM. Àwọn kan ti ní kí n fi gbẹ̀du sí i. Rárá o. Ìlù ọba ni gbẹ̀du, ẹ ò lè máa lù ú nítorí pé èèyàn ń bá àdán jà nínú yàrà, ó máa dún lẹ́ẹ̀kan nínú géèmù náà, nígbà téèyàn bá dé ààfin. Ti Orò àti Agẹmọ, mi ò tiẹ̀ dá a lábàá.

Tẹ́ ẹ bá ti ṣe tán, ẹ má gbé e jáde bíi MP3. MP3 máa ń fi ìdákẹ́jẹ́ẹ́ díẹ̀ sí ìbẹ̀rẹ̀, tí orin bá yí padà sí ìbẹ̀rẹ̀ ẹ máa gbọ́ ọ bó ṣe ń kọsẹ̀, ohun tí wọ́n sì máa gbọ́ léraléra nìyẹn. Ogg ni kẹ́ ẹ lò. Godot la fi ń kọ géèmù wa, lójú ibi tẹ́ ẹ ti ń kó fáìlì wọlé ẹ máa rí Loop àti Loop Offset, ìṣẹ́jú-àáyá lẹ máa kọ síbẹ̀. Tí ìbẹ̀rẹ̀ orin yín tí ò ní padà wá bá jẹ́ ìlà 24 ní speed tí mo sọ yẹn, 4 nìyẹn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lo RPG Maker, LOOPSTART àti LOOPLENGTH lẹ máa kọ sínú fáìlì Ogg yẹn, sample ni wọ́n fi ń kà á, ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́rin ní 44,100 sample fún ìṣẹ́jú-àáyá kan jẹ́ 176,400.

Orin ọjà Òkè-Ajé ló kù báyìí, mo fẹ́ agídìgbo gidi nínú ẹ̀, kì í ṣe triangle. Tẹ́ ẹ bá ní bàbá tàbí ẹ̀gbọ́n tó ṣì ń ta agídìgbo ní agbègbè Ìjẹ̀bú-Igbó tàbí Àgọ́-Ìwòyè, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kí n wá fi fóònù gba ohùn ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú àwọn irin ẹ̀. Kò ní pẹ́, DPCM ò lè gbà ju bí ìṣẹ́jú-àáyá kan lọ tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó mọ́. Màá mú obì dání.