Ẹ̀yin àbúrò mi tó ń ka máàpù àtijọ́, odò ò tíì ṣí o

Mo rí iṣẹ́ tí àwọn kan nínú yín ṣe lórí ilẹ̀ Navajo, ilẹ̀ àwọn ọmọ onílẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà: ẹ gbé máàpù àwọn ọdún 1880 lé orí àwòrán sátẹ́láìtì, ẹ wá ní odò ti kúrò níbi tó wà. Ọkàn mi ò balẹ̀ rárá.

Èkíní, ẹ wo síkéèlì, ìyẹn bí máàpù ṣe kéré sí ilẹ̀ gan-an tó. Máàpù tí US Geological Survey, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń ya máàpù, kọ́kọ́ yà fún àríwá Arizona, 1:250,000 ni. Mìlímítà kan lórí ìwé, 250 mítà ni lórí ilẹ̀.

Èkejì, ẹ wo kọ́ńtọ̀, àwọn ìlà tó ń fi gíga ilẹ̀ hàn. Àlàfo 250 ẹsẹ̀ bàtà ló wà láàárín ìlà kan sí èkejì, ìyẹn nǹkan bí 76 mítà. Àpáta tó ga tó 60 mítà lè wà níbẹ̀ kí máàpù má fi hàn rárá. Àwọn tó yà á gun ìbaaka, wọ́n wọn ṣóńṣó òkè díẹ̀, wọ́n sì fi ojú yà èyí tó kù. Iṣẹ́ akọni ni, mi ò bú wọn.

Ẹ̀kẹta… ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tójú mi rí ná. Ọ̀gá wa kan ní ká fi irú máàpù yìí wé ti òní ní Chinle Wash, odò kan ní ilẹ̀ Navajo yẹn. Ìlà búlúù tó dúró fún odò fi nǹkan bí 300 mítà yàtọ̀. Ó ní odò ti ṣí. Mo ní, "Ọ̀gá, mìlímítà kan lé díẹ̀ péré nìyẹn lórí ìwé." Ó ní kí n jókòó. Ìròyìn jáde, orúkọ mi wà níbẹ̀.

Nígbà tá a gbé e lọ síwájú àwọn ará ìlú, ìyá àgbà kan tó ń sin àgùntàn dìde. Ó ní ẹsẹ̀ àpáta kan náà ni omi ń gbà láti ayé ìyá ìyá òun. Ìsàlẹ̀ ló ń gbẹ́ lọ. Níbi tí wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ pọnmi tẹ́lẹ̀, gegele ló wà níbẹ̀ báyìí, àgùntàn ò lè sọ̀ ọ́. Òótọ́ ni. Herbert Gregory, onímọ̀ nípa ilẹ̀ àti àpáta tó rin ilẹ̀ náà, ti kọ ọ́ nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1916 pé odò ibẹ̀ ń gbẹ́lẹ̀ wọlé. Ìyípadà gidi wà nínú jíjìn, kọ́ńtọ̀ 250 ẹsẹ̀ bàtà ò sì lè rí i láé.

Wọn ò gbà wá láyè níbẹ̀ mọ́. Ọ̀gá gba ìgbéga. Àwa ọmọ iṣẹ́ la jẹ̀bi. Ó ṣì ń dùn mí.

Ẹ̀kẹta tí mo fẹ́ sọ nìyí: máàpù àwọn ọdún 1950 sàn jù, ṣùgbọ́n NAD27 ni, ìpìlẹ̀ ìwọ̀n ọdún 1927 tí wọ́n fi ń mọ ipò nǹkan lórí máàpù. Bí ẹ bá kà á bíi NAD83, ìpìlẹ̀ tuntun tó rọ́pò rẹ̀, nǹkan bí 200 mítà ni UTM yín, ìyẹn nọ́ńbà tó ń sọ ipò ibi kan ní mítà, máa fi yẹ̀. Ẹ má tíì fi ìròyìn yẹn ránṣẹ́. Ẹ gbé e wá, ká jọ wọn ìlà búlúù náà.