Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ìkánjú mú yín rin igbó Ọ̀ṣun

Láti Ìbàdàn dé Òṣogbo, níbi tí igbó Ọ̀ṣun àti àwọn ère òrìṣà inú rẹ̀ wà, kò ní ìtàn. Ọkọ̀ kún, ọkọ̀ gbéra, a dé. Ìlú gan-an ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ọlọ́kadà tí a bá sọ̀rọ̀ ti dárúkọ iye kan, àfi bó ṣe rí kámẹ́rà lọ́rùn ẹnì kan nínú wa, ni owó bá di ìlọ́po mẹ́ta. "Ẹ̀gbọ́n, igbó yẹn jìnnà o." Irọ́ ni, kò jìnnà. Ẹ fi kámẹ́rà sínú báàgì, kí ẹ sì parí ọ̀rọ̀ owó kí ẹ tó gbé ẹsẹ̀ lé ọ̀kadà.

Lẹ́bàá géètì, ọ̀dọ́kùnrin kan ní òun ni yóò mú wa rìn. Ká sọ òótọ́, ó mọ ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ńṣe ló ń sáré bí ẹni tí òjò ń lé: "Èyí Ọbàtálá, èyí Ẹ̀là, ẹ ya fọ́tò, ó yá." Láàárín ogún ìṣẹ́jú, ó ní ó tán. A bi í pé ta ló ṣe àwọn ère yìí. "Òyìnbó obìnrin kan ni, òun nìkan ló ṣe gbogbo ẹ̀."

Òun nìkan kẹ̀! Ibẹ̀ ni inú ti bí wa.

Òyìnbó náà ni Susanne Wenger, tí gbogbo Òṣogbo mọ̀ sí Àdùnní Olórìṣà. Graz ní ilẹ̀ Austria ni wọ́n ti bí i ní 1915. Iṣẹ́ ìkòkò mímọ wà lára ohun tó kọ́ níbẹ̀ kó tó lọ sí Vienna, nítorí náà ọwọ́ rẹ̀ ti mọ amọ̀ kó tó mọ Nàìjíríà. Ní 1950 ni òun àti ọkọ rẹ̀ nígbà náà, Ulli Beier, dé Ìbàdàn. Ikọ́ ife dá a wólẹ̀. Àjàgẹmọ, àwòrò Ọbàtálá ní Ẹdẹ, ló ṣílẹ̀kùn òrìṣà fún un. Nígbà tó wá fìdí kalẹ̀ sí Òṣogbo, kò sẹ́ni tó gbé iṣẹ́ ère ńlá fún un. Ikán ni gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀: ikán ń jẹ ògiri ojúbọ Ọ̀ṣun, ó sì fẹ́ tún un ṣe.

Àwọn bíríkìlà ló bá a ṣe é, Adébísí Àkànjí pẹ̀lú wọn. Lẹ́yìn náà ni Bùràímọ̀ Gbàdàmọ́sí tó ń gbẹ́ òkúta dé, àti Kásálì Àkàngbé Ògún tó jẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà. Àtúnṣe ògiri di ère, ère di ilé, títí tí òmíràn fi ga ju orí ènìyàn lọ fíìfíì. Kálukú ló ní ọwọ́ tirẹ̀: ẹ wo ojú ńlá tó yọ síta lára òkúta Bùràímọ̀, ẹ wá wo igi Kásálì tó tẹ́ẹ́rẹ́, tó gùn bí ẹni ń nà sókè. Ẹni tó bá ní ènìyàn kan ló ṣe é, kò tíì wò ó.

A san owó ọmọkùnrin náà, a ní kó máa lọ, a sì padà wọlé lẹ́sẹ̀ ara wa. Ìgbà yẹn ni ọjọ́ náà wá dára. Òjò ti rọ̀ láàárọ̀, ìyẹn sì ni àkókò tó dára jù láti wo ère símẹ́ńtì. Ojú símẹ́ńtì á ti gbẹ, ṣùgbọ́n ibi tó bá ti sán á ṣì dúdú, torí omi ṣì wà nínú rẹ̀. Gbogbo àléébù á yọ síta bí ìlà tí wọ́n fi yẹ́ńkì fà.

Lára ère kan lẹ́bàá ọ̀nà, ìlà dúdú kan gba apá lọ tààrà, omi pupa sì ṣàn sílẹ̀ láti ibẹ̀. Ìlà tó tọ́ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ti oòrùn. Ọ̀pá irin ló wà lábẹ́ rẹ̀. Irin tó bá dípẹtà máa ń wú, yóò sì ti símẹ́ńtì síta láti inú. Wọ́n ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ̀ ọ́. Ti ibí yìí, irin ló ń la ògiri lẹ́nu, omi ló ń wọlé.

Bí wọ́n ṣe ń yẹra fún un rèé. Irin ni egungun ère: wọ́n á rì í mọ́ ìpìlẹ̀, wọ́n á fi wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ so oríkèé rẹ̀, wọ́n á sì fi nẹ́ẹ̀tì onírin wé ibi tí ara yóò ti wà. Símẹ́ńtì ìwọ̀n kan sí yanrìn mẹ́ta ló bójú mu, omi díẹ̀. Omi tó bá pọ̀ á mú un rọrùn láti mọ, àmọ́ bó bá gbẹ, á sún kì, á sì sán wẹ́wẹ́. Wọ́n kì í rẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kan náà: wọ́n á ha ojú ti àkọ́kọ́ kí èkejì lè dì í mú. Ó kéré tán, kí símẹ́ńtì tó bo irin nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 2 ààbọ̀. Ìka àti etí ère ni wọ́n ti sábà máa ń ṣe é fẹ́lẹ́ jù, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ìka ló máa ń kọ́kọ́ já. Apá tó nà síta, kí wọ́n fi igi tì í títí yóò fi le, kí wọ́n sì fi àpò tútù bo gbogbo rẹ̀ fún ọjọ́ méje. Àtẹ́lẹwọ́ àti itan tó kò bí abọ́ gbọ́dọ̀ dà gẹ̀rẹ́ díẹ̀, kí omi lè dà nù.

Ohun tó ń múni bínú jù ni àtúnṣe oníwàràwàrà. Ère tí inú rẹ̀ jẹ́ amọ̀, tí wọ́n wá fi símẹ́ńtì líle lẹ̀ lójú, omi á há sáàárín méjèèjì, èyí tí wọ́n lẹ̀ á sì ṣí kúrò pẹ̀lú awọ àtijọ́. Egbò á wá tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ní 1965 ni ìjọba kọ́kọ́ sọ apá kan igbó náà di ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè. Ní 1992 ni ààbò náà wá ká gbogbo hẹ́kítà 75, UNESCO sì kà á mọ́ ogún àgbáyé ní 2005. Àdùnní rí gbogbo rẹ̀ kó tó kú ní oṣù kìn-ín-ní 2009. Ẹni ọdún 93 ni. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì rẹ̀ wà lójú ọ̀nà Ìbòkun. Ẹ tọrọ ààyè kí ẹ tó wọlé, ilé ènìyàn ni.

Tó bá jẹ́ ère lẹ fẹ́ wò, ẹ má lọ lásìkò ọdún Ọ̀ṣun ní oṣù kẹjọ, ẹ̀yìn ènìyàn nìkan lẹ máa rí. Ẹ wọ bàtà tí kì í yọ̀. Bísíkíìtì, ẹ fi pamọ́: ọ̀bọ ibẹ̀ kì í tọrọ, ó ń gbà ni.

Lẹ́yìn wákàtí mẹ́ta tí a jáde, ọmọkùnrin wa ṣì wà ní géètì. Ó wo aago. Ó ní owó ogún ìṣẹ́jú la san, wákàtí mẹ́ta ní iye tirẹ̀.

A kò san kọ́bọ̀.