Bí ọ̀tá bá ká yín mọ́: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ lójú ogun

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọṣẹ́ ṣójà, ẹ má rò pé ẹni tí ìbọn rẹ̀ ń dún jù ló láyà jù. Monrovia, olú-ìlú Liberia, ni mo ti mọ̀, nígbà tí mo wà pẹ̀lú ECOMOG, ẹgbẹ́ ọmọ ogun tí àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà kó jọ láti pẹ̀tù sógun ibẹ̀. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1992, àwọn ọmọ ogun Charles Taylor, olórí ọlọ̀tẹ̀ Liberia, ya bo ìlú náà. Níbi tí wọ́n fi àwa sí, ìbọn ń dún níwájú, ó ń dún lẹ́yìn. Àwọn kan nínú wa fẹ́ máa rọ̀jò ọta sínú òkùnkùn. Sájẹ́ǹtì wa, ọmọ Haúsá kan tí kì í pariwo, ní kẹ́nikẹ́ni má yìnbọn àfi tó bá fojú rí ẹni tó ń yìn ín sí. Ó ń rákò láti kòtò dé kòtò, ó ń pín omi, ó ń pe oníkálukú lórúkọ. Ohùn rẹ̀ ló jẹ́ kọ́wọ́ mi dẹ́kun gbígbọ̀n. Nígbà tílẹ̀ mọ́, ọta ṣì kù lọ́wọ́ wa, òun la sì fi dúró títí ìrànwọ́ fi dé.

Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ìtàn Bàbá Isaac Fadoyebo, ọmọ Èmùré-Ilé nítòsí Ọ̀wọ̀. Ọmọ ọdún 16 ni nígbà tó wọṣẹ́ ológun ní 1942. Iṣẹ́ ìtọ́jú aláìsàn ni wọ́n fún un, wọ́n sì kó wọn lọ sógun Bọ́mà (Myanmar lónìí), níbi tí Gẹ̀ẹ́sì ti ń bá Japan jà nínú Ogun Àgbáyé Kejì. Ní oṣù Kẹta ọdún 1944, àwọn ṣójà Japan ṣíná ìbọn bò wọ́n létí odò Kaladan. Ọta fọ́ egungun itan rẹ̀ ọ̀tún, òmíràn wọ̀ ọ́ níkùn. Òun àti Sájẹ́ǹtì David Kargbo, ọmọ Sierra Leone tó fara gbọgbẹ́ bíi tirẹ̀, ló ṣẹ́kù sínú igbó, ọ̀tá yí wọn ká. Kò lè dìde, kò sì níbọn. Ó ń fara da ìrora láìkígbe. Bí kì í bá ṣe ìgboyà nìyẹn, kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?

Ṣùgbọ́n ìgboyà rẹ̀ nìkan kò lè gbé e dé oṣù Kejìlá tí àwọn ṣójà Gurkha, ọmọ Nepal tó ń jà fún Gẹ̀ẹ́sì, dé wá gbà wọ́n sílẹ̀. Àwọn ará abúlé ló ń yọ́ gbóúnjẹ wá. Nígbà tó yá, Shuyiman, ọ̀kan nínú wọn, mú àwọn méjèèjì wọlé ara rẹ̀, láàárín ìyàwó àtọmọ, bẹ́ẹ̀ ó mọ̀ pé ikú ni tí àwọn Japan bá gbọ́. Mo ka ìyẹn sí akíkanjú láìwọ aṣọ ológun.

Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ̀ yín: ibikíbi tí wọ́n bá gbé yín lọ, ẹ kọ́ bí wọ́n ṣe ń kíra wọn níbẹ̀. Ẹ sanwó ohun tí ẹ bá mú lọ́jà wọn. Ẹ má fọwọ́ kan obìnrin wọn. Lọ́jọ́ tí ọ̀tá bá ká yín mọ́, ọwọ́ àwọn ará ibẹ̀ lẹ̀mí yín lè wà.