Ẹ má jẹ́ kí wọ́n máa gun sípánà lórí nọ́ọ̀tì táyà yín mọ́

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wakọ̀, ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀tì táyà yìí ká mi lára gan-an, torí ẹ̀mí èèyàn ló wà níbẹ̀. Táyà tó bá yọ lórí eré, ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ tó kàn dúró de bọ́ọ̀sì létí títì ló lè lọ gbá.

Ohun tí ọ̀pọ̀ wa gbà ni pé bí nọ́ọ̀tì bá ṣe le tó ló ṣe máa pẹ́ tó. Fọganáísà á ki páìpù bọ ìdí wíìlì sípánà, á gun orí ẹ̀, á máa fò lórí ẹ̀, ọlọ́kọ̀ náà á sì dúró síbẹ̀ á ní "tàìtì ẹ̀ dáadáa o". Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá! Sítọ́ọ̀dì, ìyẹn bọ́ọ̀tù tí nọ́ọ̀tì ń wọ̀ tó yọrí síta lára họ́ọ̀bù (irin tí wọ́n ń de ríìmù mọ́), máa ń nà díẹ̀ bíi rọ́bà tí wọ́n bá ń tàìtì nọ́ọ̀tì sí i, bó ṣe ń wá bó ṣe máa sún pa dà ló fi ń di ríìmù mú gírígírí. Tí wọ́n bá fà á kọjá ibi tó lè nà dé, kò ní lè sún pa dà mọ́, ọjọ́ kan báyìí á kàn já.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Ọ̀pọ̀ Toyota Corolla, 103 Nm (Nm ni wọ́n fi ń wọn agbára tí wọ́n fi ń yí nǹkan) ni wọ́n ní kí wọ́n fi tàìtì nọ́ọ̀tì táyà ẹ̀. Tí sípánà bá gùn tó sẹ̀ntímítà 40, bíi kílò 26 péré lèèyàn máa fi tẹ̀ ẹ́, ìyẹn bí ìdajì àpò sìmẹ́ǹtì kan. Ẹni tó wọn kílò 80 tó wá gun sípánà yẹn ti fún un ní ìlọ́po mẹ́ta, kò sì tíì fò o, kò tíì fi páìpù sí i.

Èyí tó ń lúùsì ńkọ́? Dọ̀tí wà lára ohun tó ń fà á: ìpẹtà, yanrìn, ọ̀dà tí wọ́n kùn sí ríìmù. Tẹ́ ẹ bá rìn díẹ̀, dọ̀tí yẹn á lọ̀, á fún àyè sílẹ̀, nọ́ọ̀tì tẹ́ ẹ rò pé ó le á ti dẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ojú họ́ọ̀bù àti ẹ̀yìn ríìmù kí wọ́n tó gbé e padà. Tí wọ́n bá tú táyà yín l'Ékòó tẹ́ ẹ sì ń lọ Ìlọrin, ẹ dúró n'Íbàdàn, ẹ tún fi sípánà kan gbogbo ẹ̀ wò.

Nọ́ọ̀tì tí kì í ṣe tiẹ̀ náà burú. Ti Nissan àti ti Toyota lè jọra lójú, àmọ́ tíréèdì, ìyẹn ìlà tó wé yípo sítọ́ọ̀dì àti inú nọ́ọ̀tì, ti ọ̀pọ̀ Nissan jẹ́ 12 x 1.25, ti Toyota 12 x 1.5 (12 ni fífẹ̀ sítọ́ọ̀dì, èyí tó kù ni àlàfo láàárín ìlà kan sí ìkejì, mìlímítà ni méjèèjì), sípánà á fipá mú un wọlé, á sì ba tíréèdì jẹ́. Ẹ mú èyí tó wà nílẹ̀ dání tẹ́ ẹ bá ń lọ ra òmíì lọ́jà ẹ̀yà ọkọ̀ ní Ládípọ̀. Ìka ọwọ́ ni kẹ́ ẹ fi kọ́kọ́ yí i, tó bá há, ẹ tú u.

Ẹ má fi ẹ́ńjìnnì ọ́ìlì pa tíréèdì o. Ó máa ń jẹ́ kó yọ̀, agbára kan náà á wá na sítọ́ọ̀dì ju bó ṣe yẹ lọ. Tí nọ́ọ̀tì bá ti dípẹtà tí kò fẹ́ tú, ẹ fín WD-40, òróró inú agolo tó ń jẹ́ kí irin tó dípẹtà tú, sí i, ẹ fi hámà rọra kàn án, ẹ fi í sílẹ̀ fúngbà díẹ̀, kẹ́ ẹ wá máa yí i síwá sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, kẹ́ ẹ sì nù ún gbẹ kẹ́ ẹ tó dá a padà.

Tẹ́ ẹ bá sì ń dè é, ẹ fo ọ̀kan lọ sí ìkejì tó kọjú sí i, ẹ má tẹ̀ lé ara wọn yípo. Sítọ́ọ̀dì kan tó bá ti já, ẹ má ní mẹ́rin tó kù á gbé e délé, àwọn yẹn ti ń gbé ẹrù tí kì í ṣe tiwọn, ẹ pààrọ̀ ẹ̀ lọ́jọ́ náà, kẹ́ ẹ sì yẹ àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ wò dáadáa.