Ọ̀já, Òrí àti Yìnyín: Bí Ọmọ Wa Ṣe Kó Wa Jáde Nígbà Òtútù

Ìgbà òtútù àkọ́kọ́ tí ọmọ wa rí láyé, inú ilé la lò ó tán sí. Oṣù Kẹsàn-án ni mo bí i. Nígbà tí oṣù Kejìlá fi máa dé, mo ti ti gbogbo fèrèsé ilé wa ní Manchester pa gbọn-in, mo tan hítà sílẹ̀ tọ̀sán-tòru, mo sì gbà pé ìtọ́jú ọmọ ni mò ń ṣe. Àràárọ̀ ni màmá mi ń pè láti Ìbàdàn: "Ẹ má jẹ́ kí òtútù wọ ọmọ yẹn lára o!" Mi ò rí ohun tó burú nínú ọ̀rọ̀ wọn. Bí wọ́n ṣe tọ́ àwa náà nìyẹn. Bí ọyẹ́ bá ti fẹ́ báyìí, fìlà ti bọ́ sórí ọmọ, ìbọ̀sẹ̀ ti wọ ẹsẹ̀ rẹ̀, kò sì ní fojú kan ìta títí oòrùn á fi mú.

Ṣùgbọ́n ọyẹ́ máa ń kásẹ̀ nílẹ̀. Òtútù tibí kì í tètè lọ. Nínú oṣù Kejìlá, aago mẹ́jọ àárọ̀ á ti kọjá kí oòrùn tó yọ, kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ sì tó lù, ilẹ̀ ti ṣú. Nígbà tó fi máa di oṣù Kejì, èmi àti ọmọ la jọ ń sunkún. Nọ́ọ̀sì tó máa ń wá wo ọmọ nílé ló bi mí ní ìbéèrè kan tí mi ò lè dáhùn: "Ìgbà wo lẹ gbé e jáde kẹ́yìn?" Kò bá mi wí. Ó ṣàlàyé pé awọ dúdú bíi tiwa nílò oòrùn púpọ̀ kí ara tó lè rí fítámì D ṣe, àti pé oòrùn ìgbà òtútù níbí kò lágbára rẹ̀. Ìmọ̀ràn tí wọ́n ń fún àwọn òbí nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni pé kí ọmọ ọdún 1 sí 4 máa lo maikirogíráàmù 10 fítámì náà lójoojúmọ́, àwa àgbà aláwọ̀ dúdú pàápàá sì lè máa lò ó yípo ọdún. A ra oògùn náà lọ́jọ́ yẹn. Ìbéèrè rẹ̀ ni kò kúrò lọ́kàn mi.

Ní ọdún kejì, a bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. A wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí York, níbi tí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé réluwéè wà, tí wọn kì í gbowó ìwọlé. Ibẹ̀ ni Mallard wà, ọkọ̀ ojú irin aláwọ̀ búlúù tó sá eré máìlì 126 ní wákàtí kan lọ́dún 1938, kò sì sí ọkọ̀ ojú irin tó ń fi ooru omi ṣiṣẹ́ tó tíì borí rẹ̀ títí dòní. Bàbá àgbà ọkọ mi ṣiṣẹ́ réluwéè ní Ìbàdàn, níbi tí ojú irin dé lọ́dún 1901. Ọkọ mi gbé ọmọ dúró níwájú ọkọ̀ náà, ó ń ṣe "fàkàfìkì, fàkàfìkì" bí bàbá àgbà rẹ̀ ṣe máa ń ṣe fún un. Mo rí i pé ojú rẹ̀ ti kún fún omi. Mi ò sọ nǹkan kan.

Ọdún kẹta la wá lọ jìnnà. A ní Scotland là ń lọ, ní Aviemore, níbi tí àwọn òkè Cairngorms wà. Ọmọ ti lé ní ọdún méjì nígbà náà. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5 kì í sanwó ọkọ̀ ojú irin, ṣùgbọ́n bí èrò bá pọ̀, orí itan yín ló máa jókòó sí, ẹ má gbàgbé ìyẹn. Kí ẹ sì mọ̀ pé ọkọ̀ ojú irin kì í rìn ní ọjọ́ Kérésì gan-an, nítorí náà a gbéra ní ọjọ́ 22.

Ní Edinburgh ni ìyà ti fẹ́ jẹ wá. Wọ́n fagi lé ọkọ̀ tó yẹ ká wọ̀, wákàtí méjì gbáko la fi dúró níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń gbá wa lójú. Ohun tó gbà wá ni oúnjẹ. Mo ti po ògì sínú fúláàsì láti òwúrọ̀, ó ṣì ń rú èéfín, mo sì di mọ́ínmọ́ín mẹ́rin lọ́wọ́. Gbogbo ìbínú mi ló rọ̀ nígbà tí mo rí ọmọ tó ń fi ṣíbí lá ògì láàárín èrò, tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ń dán.

A kọjá lórí afárá Forth tí wọ́n ṣí lọ́dún 1890, afárá pupa tó gùn tó nǹkan bíi kìlómítà méjì àbọ̀. Lẹ́yìn Perth, òkè lọkọ̀ ń gùn ṣáá títí ó fi dé Drumochter, tó ga ní mítà 452, ibi tó ga jù lọ ní gbogbo ọ̀nà réluwéè ńlá ilẹ̀ náà. Ọmọ ti sùn lọ. Ibẹ̀ ló ti jí. Ó wo ìta, ilẹ̀ funfun báláú lábẹ́ iná ọkọ̀, ó ní: "Mọ́mì, gàrí!"

Ọ̀rọ̀ yẹn múnú mi dùn ju bí mo ṣe lè sọ lọ. Yìnyín la máa ń pe èyí tó ń bá òjò rọ̀ nílé, tó ń ta pá-pá-pá lórí páànù. Ohun tí kò dún, tó kàn ń bọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ yìí, èmi àti bàbá rẹ̀ kò tíì fẹnu kò lórí orúkọ tá a máa pè é. A sọ fún un pé yìnyín ni. Ó gbà. Ṣùgbọ́n nígbà tá a sọ̀ kalẹ̀ ní Aviemore, ó bu díẹ̀ sẹ́nu, ó wojú mi bí ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ, ó ní kò sí ṣúgà níbẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì a lọ wo àwọn reindeer, ẹran tó jọ àgbọ̀nrín ṣùgbọ́n tí irun rẹ̀ ki gan-an. Ọ̀gbẹ́ni Mikel Utsi, ọmọ ẹ̀yà Sámì láti Sweden, ló kó wọn wá sí orí òkè yìí lọ́dún 1952. Ẹsẹ̀ lèèyàn máa ń fi gòkè débẹ̀. Ọ̀nà olókùúta tí yìnyín bò, kẹ̀kẹ́ ọmọ ò lè gba ibẹ̀. Mo wo òkè, mo wo ọmọ, mo bá fa ọ̀já yọ nínú báàgì. Ọ̀já tí màmá mi fi rán ẹnìkan sí mi nígbà tí mo bímọ ni. Mo pọ̀n ọ́n tímọ́tímọ́, mo wá wọ kóòtù bàbá rẹ̀, tó fẹ̀ ju tèmi lọ, lé àwa méjèèjì. Orí rẹ̀ nìkan ló yọ lẹ́yìn ọrùn mi, pẹ̀lú fìlà. Mo ń gbọ́ èémí rẹ̀ létí mi bá a ṣe ń gòkè. Obìnrin àgbàlagbà kan tó ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní ìyá ìyá òun máa ń fi ìborùn pọn ọmọ bẹ́ẹ̀. A jọ rìn dé òkè.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo kọ́ níbẹ̀. Ọmọ tó wà lẹ́yìn kì í rìn, nítorí náà ẹsẹ̀ rẹ̀ lè tutù láìjẹ́ pé ẹ mọ̀. Ẹ máa dúró fọwọ́ bà á wò. Aṣọ òwú tó bá rin fún omi lára ọmọ, ọ̀tá ni. Onírun àgùntàn fẹ́lẹ́ ló dára kó kan ara, kí èyí tí omi ò lè wọ̀ wà lókè. Òrí tá a rà ní Ṣakí ni mo fi pa ojú rẹ̀ kí á tó jáde, kì í ṣe lẹ́yìn ìwẹ̀ nìkan, afẹ́fẹ́ òkè yẹn ò sì rí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ já. Bí ẹ bá sì ń wa mọ́tò, ẹ bọ́ kóòtù tó wú kúrò lára ọmọ kí ẹ tó so bẹ́líìtì ìjókòó rẹ̀. Bí ìjàǹbá bá dé, kóòtù yẹn á sún kì, bẹ́líìtì á sì wá dẹ̀. Ẹ so ó tán, kí ẹ wá fi kóòtù bò ó láti iwájú.

Àwọn ẹran náà wá jẹun lọ́wọ́ wa. Ẹsẹ̀ wọn ń dún tẹ̀, tẹ̀, tẹ̀ bí wọ́n ṣe ń rìn. Ẹni tó mú wa lọ ní iṣan ló ń yọ̀ lórí egungun. Ó tún ní ìwo akọ ńlá máa ń já bọ́ nígbà tí òtútù bá bẹ̀rẹ̀, àwọn abo ni ìwo wọn máa ń wà títí wọ́n á fi bímọ. Ọmọ mi na ọwọ́ kékeré láti inú kóòtù, ẹran náà sì fi ètè rírọ̀ kó oúnjẹ tó wà níbẹ̀. Ó dákẹ́ jẹ́ẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Ó wá rọra sọ ọ́ sí mi létí pé: "Ó ṣeun."

Nírọ̀lẹ́, mo fi fídíò náà ránṣẹ́ sí Ìbàdàn. Ọkàn mi kò balẹ̀. Màmá mi pè lójú ẹsẹ̀. "Ọ̀já mi nìyẹn, àbí?" Mo ní òun ni, mà. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. "Ṣé ẹ fi òrí pa á?" Mo ní a fi pa á, mà. "Ó dáa. Ẹ kú ìrìn o. Gbé e wá kí n rí i." Kò sí ọ̀rọ̀ òtútù mọ́ lálẹ́ ọjọ́ náà, orúkọ ẹran tó jẹun lọ́wọ́ ọmọ ni wọ́n ń bi í, òun náà sì ń dá wọn lóhùn pé "Ẹran Gàrí".

A ti padà sí Manchester báyìí. Kò sí yìnyín níbí, òjò ló ń rọ̀. Lánàá, ní nǹkan bí aago mẹ́ta ọ̀sán, mo ń ká aṣọ lọ́wọ́ nígbà tí mo gbọ́ ìró nǹkan tí wọ́n ń fà nílẹ̀. Ó ti wọ bàtà òjò rẹ̀, ọ̀tún sí òsì. Ó wọ́ ọ̀já dé ẹnu ọ̀nà, ó kẹ́yìn sí ilẹ̀kùn, ó ní: "Mọ́mì, pọ̀n mí, ká lọ."

Mo wọ kóòtù bàbá rẹ̀.