Ata rodo ojú fèrèsé: omi London ló ń pọ́n ewé wọn

Oṣù Kẹrin. Ata rodo inú ìkòkò ti ga, ṣùgbọ́n ewé tuntun orí wọn ń pọ́n bí ìyeyè, iṣan ewé nìkan ló ṣì tutù yọ̀yọ̀. Ewé ìsàlẹ̀ kò ṣe nǹkan kan. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo ibi tí ìpọ́n ti bẹ̀rẹ̀ kí ẹ tó bu ajílẹ̀ sí i. Tó bá jẹ́ náítírójìn ni kò tó, ewé àgbà ni yóò kọ́kọ́ pọ́n, torí igi a máa gbà á lára ewé àgbà fún ewé ọ̀dọ̀. Ṣùgbọ́n irin (iron), èròjà mìíràn tí igi ń fà látinú erùpẹ̀, kì í ṣí kúrò níbi tó bá ti wọ̀ sí, ewé ọ̀dọ̀ ni àìsí rẹ̀ ń hàn lára. Irin ni kò tó ata mi.

Irin wà nínú erùpẹ̀ o. Omi ni kò jẹ́ kí gbòǹgbò rí i fà. Inú òkúta ẹfun ni púpọ̀ nínú omi London ti ń wá. Ẹ wo èépá funfun ìdí kẹ́tù. Bicarbonate, èròjà inú omi yìí tó ń pa kíkan erùpẹ̀, ń gbé pH erùpẹ̀ (òǹkà tó ń sọ bó ṣe kan tó: bó ṣe ń ga, ni kíkan ń dínkù) sókè díẹ̀díẹ̀ bí a ṣe ń bomi rin ín. Ata fẹ́ bíi 6 sí 6.8, tó bá ti kọjá 7, irin á dì mọ́ erùpẹ̀.

Mọ́mì mi pè láti Ìbàdàn pé kí n da eérú sí i. Eérú dára lórí ilẹ̀ kíkan, tí pH rẹ̀ lọ sílẹ̀, tí òjò ti fọ kálísíọ̀mù rẹ̀ lọ. Níbí, yóò tún gbé pH sókè sí i ni.

Oṣù Karùn-ún. Mo gbé ike sábẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀. Omi òjò ìdá mẹ́ta, omi ẹ̀rọ ìdá kan. N kò yọ omi ẹ̀rọ kúrò pátápátá, torí kálísíọ̀mù ibẹ̀ ni kì í jẹ́ kí ìdí ọmọ ata dúdú kó sì jẹrà. Mo tún po irin EDDHA díẹ̀ mọ́ ọn, irú èyí tí pH gíga kì í tètè dì.

Oṣù Kẹfà. Ewé tó ń yọ báyìí dúdú mìnìmìnì! Inú mi dùn gan-an. Mo ti yí sí ajílẹ̀ tòmátì tí pòtásíọ̀mù rẹ̀ pọ̀, ìdajì ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára ìgò. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, omi òjò lásán ni mo ń dà títí yóò fi ṣàn jáde nísàlẹ̀, kí iyọ̀ ajílẹ̀ má baà jó gbòǹgbò.

Òdòdó ti ń yọ. Mo ń ti fèrèsé lálẹ́, torí òtútù a máa gbọn òdòdó dànù. Kò sí kòkòrò oyin nínú ilé tí yóò gbọn lẹ́búlẹ́bú òdòdó kí ata lè so, nítorí náà mo ń fi ìka gbọn igi wọn láràárọ̀.